Ẹ má kàn máa sọ fún wa pé ká ra èyí tó tóbi sí i

Ó ń dùn mí gan-an bí mo ṣe ń rí i tí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì l'Ékòó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn lórí ohun tí kò ní yanjú ìṣòro rẹ̀. Oníbàárà á ní ojú ewé kì í tètè ṣí. Èsì kan náà ni wọ́n máa fún un: "Ẹ gba plan tó ju èyí lọ." Bó bá jẹ́ 10 Mbps ló ń lò, kó lọ sí 20. Ọ̀pọ̀ ló ti sanwó yìí, tí ojú ewé tí wọ́n ń ṣí ṣì ń yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀.

Bandwidth tí wọ́n ń ní kẹ́ ẹ fi kún un yẹn ni iye dátà tó lè gba ojú ọ̀nà yín kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mbps tí wọ́n ń kọ sára pátákó ìpolówó, ìyẹn mílíọ̀nù bit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bit tó jẹ́ ẹyọ dátà tó kéré jù ni wọ́n fi ń kà á, bẹ́ẹ̀ byte ni fóònù yín fi ń wọn fáìlì, bit 8 ló sì wà nínú byte 1. Nítorí náà, 10 Mbps kò lè gbé ju megabyte 1.25 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń wo fíìmù, ẹni tó ń fi fídíò ránṣẹ́, ilé tí gbogbo ọmọ ti ń lo Wi-Fi kan ṣoṣo, àwọn yẹn nílò bandwidth, mi ò jiyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lálẹ́ ní Múṣin tàbí Agége, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti ibi iṣẹ́ dé tí wọ́n gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan náà: òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ni wọ́n jọ ń pín lò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú ewé tún yàtọ̀. Fóònù á kọ́kọ́ wádìí ibi tí sáìtì náà wà, á kàn sí i, àwọn méjèèjì á wá jọ ṣètò ààbò, ìyẹn àmì àgádágodo kékeré tẹ́ ẹ máa ń rí lókè, kó tó di pé ó béèrè ojú ewé náà gan-an. Lílọ-bíbọ̀ ni gbogbo ẹ̀, ìkan ò sì lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí èyí tó ṣáájú bá dé. Ká ní London ni sáìtì náà wà. Nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ni ìmọ́lẹ̀ ń sá nínú wáyà abẹ́ òkun ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó dé London tó 5,000 kìlómítà tá a bá fà á gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ wáyà kì í lọ gbọọrọ: MainOne tó dé ní 2010 àti Equiano tó dé ní 2022, etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n yí gbà lọ sí Pọ́túgà. Lílọ-bíbọ̀ kan ṣoṣo máa ń sún mọ́ 100 ms (ms 1,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Ìgbà mẹ́rin ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́tà kan ò sì tíì hàn lójú fóònù. Bí ìjọba bá fẹ Third Mainland Bridge ní ìlọ́po méjì lónìí, Oworo ò ní torí ìyẹn sún mọ́ Adéníjì.

Mike Belshe, tó ń ṣiṣẹ́ ní Google nígbà náà, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2010. Nígbà tó kúrò lórí 5 Mbps bọ́ sí 10, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré ni àkókò tí ojú ewé fi ń ṣí fi dín kù. Ìgbà tó dín àkókò lílọ-bíbọ̀ kù ni ìyàtọ̀ gidi tó hàn.

Kí ló dé tí wọn kì í kọ ms yẹn sára ìpolówó? Ẹni tó fẹ́ náwó yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó ni sáìtì náà sì ní tiwọn ńbẹ̀. Mo ṣí ti ìyá kan tó ń ta léèsì ní Balógun. Fọ́tò mẹ́wàá ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe yà wọ́n pẹ̀lú fóònù náà ni wọ́n ṣe gbé wọn síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó megabyte 4. Lórí 10 Mbps, ìṣẹ́jú àáyá 32 nìyẹn kí gbogbo ẹ̀ tó wọlé, dátà oníbàárà sì ń jó lọ. Bí ẹni tó bá a ṣe é bá ti fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan di kilobyte 200, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá 2, léèsì náà ò sì ní torí ẹ̀ ṣì lójú ẹni tó ń wò ó. Ìyá náà ò mọ̀, wọn ò sọ fún wọn. Ẹni tó gbowó iṣẹ́ ló yẹ kó mọ̀.

Ibi tí wọ́n ń gbé sáìtì sí náà tún ń bí mi nínú. IXPN (Internet Exchange Point of Nigeria) wà l'Ékòó níbí, ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń gba dátà lọ́wọ́ ara wọn, kí ọ̀rọ̀ láti Yábàá sí Ìkẹjà má baà gba Yúróòpù kọjá. Síbẹ̀, òkè òkun ni a ṣì ń gbé ọjà tí ará Sùúrùlérè fẹ́ rà sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, ẹni tó ra plan ńlá àti ẹni tó ra kékeré ni wọ́n jọ wà nínú ìṣòro náà.

Ẹ̀yin ọmọ Yábàá tẹ́ ẹ ń kọ sáìtì, bó bá jẹ́ pé ará Èkó ló máa lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé lórí rẹ̀, tó wà l'Ékòó, kẹ́ ẹ sì fi fóònù olówó pọ́ọ́kú ṣí i lórí dátà lásán kẹ́ ẹ tó gba owó tó kù.