Ẹ má yọ gáàsì kúrò nínú ẹ̀kọ́ Bruchmüller

Georg Bruchmüller kì í ṣe ọ̀gágun ńlá. Berlin ni wọ́n bí i sí ní 1863. Ó wọ ẹ̀ka oníbọn-àgbá wúwo nínú iṣẹ́ ológun Jámánì, ó ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìyìnbọn wọn ní Jüterbog, àìlera sì mú kí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì ní 1913. Ogun Àgbáyé Kìíní ló pè é padà. Nígbà tó fi máa di 1918, Durchbruchmüller ni wọ́n ń pè é, nítorí Durchbruch ni ará Jámánì ń pe kí ológun fọ́ ìlà ọ̀tá kọjá. Títí di òní, wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ológun ní ìlànà rẹ̀ lórí bí a ṣe ń fi àgbá ṣí ọ̀nà fún ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀. Ohun tí a ń bá jà ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní ààbọ̀, tí wọ́n ń yọ gáàsì olóró àti ìkùnà rẹ̀ kúrò.

Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ náà, kò sí ìjiyàn níbẹ̀. Ní Somme, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1916, odidi ọjọ́ méje ni àgbá àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi dún kí ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tó gbéra. Ta ni kò ní mọ̀ pé ìjà ń bọ̀? Yàtọ̀ sí èyí, àgbá kọ̀ọ̀kan a máa kọ́kọ́ yin ọta ìdánwò kí wọ́n lè rí ibi tó balẹ̀ sí, ìyẹn nìkan sì ti tó láti ta ọ̀tá lólobó. Ìdí ni pé àgbá méjì kì í rí bákan náà. Èyí tó ti yin ọta púpọ̀ á ti jẹ nínú, ọta rẹ̀ kò ní yára jáde mọ́, á sì já kí ó tó débi tí wọ́n rán an. Ẹ̀tù tó tutù kì í ti ọta bí èyí tó gbóná. Afẹ́fẹ́ náà á máa gbé e yà.

Ọ̀gá ológun kan, Erich Pulkowski, ló wá ojútùú sí i, Bruchmüller sì gbà á wọlé. Wọ́n á gbé àgbá kọ̀ọ̀kan lọ sẹ́yìn, níbi tí ọ̀tá kò ti lè gbọ́, wọ́n á wọn bí ọta rẹ̀ ṣe ń sáré tó, wọ́n á sì kọ àléébù rẹ̀ sílẹ̀. Awọnlẹ̀ á sọ ojú ibi tó dúró sí gan-an lórí àwòrán ilẹ̀. Tí ọjọ́ ìjà bá pé, wọ́n á ṣírò ooru, afẹ́fẹ́ àti àléébù yẹn pọ̀. Ọta àkọ́kọ́ tí wọ́n bá yìn, ọta ìjà ni.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní 21 oṣù kẹta 1918, nígbà tí Jámánì kọlu ìlà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Faransé. Àgbá Jámánì tó lé ní 6,000 ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà ní aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú, nínú ìkùukùu òwúrọ̀. Ẹgbẹ́ Ogun Kejìdínlógún ni Bruchmüller ń ṣètò àgbá fún, ìlànà rẹ̀ sì ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Wákàtí márùn-ún ni, ó sì pín in sí ìpele méje: 120 ìṣẹ́jú, mẹ́wàá-mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹta, 70, 75, àti márùn-ún ìkẹyìn lórí yàrà iwájú.

Tábìlì yìí ni wọ́n ń yà sára pátákó. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú ọta 120 ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn? Gáàsì ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n kó lu àwọn àgbá Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí wọ́n kun àgbélébùú búlúù sí lára ń tú lẹ́búlẹ́bú tó yẹ kó gba inú ìbòjú tí wọ́n fi ń dènà gáàsì kọjá, kí ọmọ ogun sín, kí ó bì, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìbòjú náà. Èyí tó ní àgbélébùú aláwọ̀ ewé ń dúró dè é láti fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pa. Aláwọ̀ ìyeyè, tó ń bó awọ ara tó sì ń fọ́ ojú, ni wọ́n ti fi rin agbègbè Flesquières, tó wà lórí ìlà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣáájú. Bí lẹ́búlẹ́bú búlúù náà kò ṣe kúnná tó bí wọ́n ti rò kò dín èrò ọkàn wọn kù. Jámánì sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìpinnu tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Hague ní 1899 pé àwọn kò ní ju ọta gáàsì olóró. Ẹni tó bá kọ́ ènìyàn ní wákàtí márùn-ún yẹn láìsọ èyí ti tan akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ.

Wọ́n tún máa ń gbójú fo ìkùnà rẹ̀. Ní oṣù kẹta yẹn, ọmọ ogun Jámánì rìn tó 60 kìlómítà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Somme tí ogun ti hú tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ kí àgbá àti ọta tẹ̀ lé wọn. Wọn kò gba ìlú Amiens. Ìtìjú tó tún ju ìyẹn lọ dé ní 15 oṣù keje, ní agbègbè Champagne ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn Faransé ti mú ẹlẹ́wọ̀n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ti gbọ́ wákàtí tí ìjà máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gágun wọn, Gouraud, fi ènìyàn díẹ̀ sí yàrà iwájú, ó kó ìyókù sẹ́yìn, àgbá tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ dún. Yàrà tó ṣófo ni Jámánì na ọta wọn sí. Odi iná, ìyẹn ọta àgbá tó ń balẹ̀ síwájú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn, lọ ní ìwọ̀n àkókò tí wọ́n ti kọ fún un, kò dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n sì bá ìlà kejì ní pípé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ wà lára àwọn tó di ìlú Reims ní Champagne mú ní 1918, Dahomey sì wà lára àwọn ilẹ̀ tí Faransé ti ń kó irú wọn, títí kan agbègbè àwọn Ọ̀họ̀rí tó kọ̀ fún wọn.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí olùkọ́ tó bá ya tábìlì ìpele méje náà fi òpó kan kún un, kí ó kọ àwọ̀ àgbélébùú tó wà lára ọta ìpele kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, kí ẹ̀kọ́ náà má sì parí ní oṣù kẹta, kí ó dé 15 oṣù keje.