Kì í ṣe ìka ló ń ba ọmọ elégédé jẹ́

"Má na ìka sí i o!" Ọ̀pọ̀ wa tó dàgbà nílé tí elégédé ti fà gun ọgbà ló gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí èèyàn bá na ìka sí ọmọ elégédé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, yóò rà, yóò sì já bọ́. Ẹ̀ṣẹ́ ni ìyá mi àgbà fi ń júwe tirẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ títí mo fi gbin tèmi. N kò na ìka sí ẹyọ kan, síbẹ̀ mẹ́ta tó kọ́kọ́ yọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rà.

Òdòdó méjì ló wà lórí ìtàkùn elégédé kan náà. Akọ ló sábà máa ń yọ ṣáájú, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín. Abo ní tirẹ̀ ti gbé ọmọ róbótó kan sídìí kó tó là rárá. Ọmọ yẹn ló ń tàn wá jẹ: a rò pé ó ti so, bẹ́ẹ̀ kò tíì so. Àfi kí oyin gbé lẹ́búlẹ́bú ara akọ dé inú abo kó tó lè dúró. Àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni abo fi ń là. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti rọ. Bí òjò bá gba àárọ̀ yẹn, tàbí tí oògùn kòkòrò tí a fín ti pa oyin, ọmọ náà yóò pọ́n bí ewé tó fẹ́ já, yóò sì rà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo ilé ń yọ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n ń nawọ́ sí i. Èyí tó rà lẹ́yìn ilé níbi tójú ò tó ńkọ́, ta ló na ìka sí i?

Ó ń dùn mí pé a ń bá ọmọdé wí lórí ohun tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ẹ jí ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Ẹ já akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ ya ewé rẹ̀ dànù, kí ẹ fi ọ̀pá àárín rẹ̀ ra àárín abo dáadáa. Bí ẹ bá máa fín oògùn, ìrọ̀lẹ́ ni kó jẹ́. Ẹ má sì ká akọ tán torí pé kì í so.

Tèmi ti tó orí ọmọ báyìí. Àdìrẹ gbígbó ni mo fi gbé wọn kọ́ ara ọgbà kí ìtàkùn má baà já, ojoojúmọ́ sì ni àwọn ọmọ ilé ń na ìka kà wọ́n.