Wọ́n ní kí n wá sọ èrò mi nípa Dùgbẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ bá mi gbọ́ ọ, kí n tó lọ sọ̀rọ̀ tí mi ò ní lè kó mọ́. Láàárọ̀ Mọ́ńdè yìí, àwọn ọmọ méjì kan wá bá mi níwájú ilé, wọ́n wọ fẹ́sìtì aláwọ̀ ewé, wọ́n gbé tábùlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, wọ́n ní "Ẹ káàárọ̀ sà, a fẹ́ mọ èrò yín lórí àtúnṣe tó ń bọ̀ ní Dùgbẹ̀." Ó dáa. Mo jókòó. Irú ilé ìtajà wo lẹ fẹ́ kó pọ̀ sí i? Irú ilé oúnjẹ wo? Ṣé òdòdó lẹ fẹ́ lójú títì àbí iná aláràbarà? Wọ́n wá fi àwòrán hàn mí, èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, wọ́n ní bí Dùgbẹ̀ ṣe máa rí nìyẹn. Títì mọ́ tónítóní, ò sí takisí Mícrà kankan, ò sí alágbe, òyìnbó kan sì ń fa ajá lọ. Òyìnbó. Ní Dùgbẹ̀. Ó ń fa ajá.

Mo ní, ẹ̀yin ọmọ mi, níbo làwọn èèyàn inú àwòrán yìí ti ń tọ̀?

Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Èkejì wo tábùlẹ́ẹ̀tì títí, ó ní "Sà, ìyẹn ò sí nínú ìbéèrè wa."

Kò sí nínú ìbéèrè wọn! Ẹ̀jẹ̀ mi ru, tórí ohun tójú mi rí ní Sátidé tó ṣẹ́ kọjá yìí, kò tíì kúrò lára mi.

Mo mú màmá mi lọ gba awò ojú ní Dùgbẹ̀. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lágbà nílé mọ irú oògùn tí mò ń wí, tí wọ́n bá ti lò ó láàárọ̀, kò ní pẹ́ tí ìtọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wọ́n, ìtọ̀ ọ̀hún kì í sì í ní sùúrù. Mo ní kí wọ́n fò ó lọ́jọ́ náà, wọ́n ní dókítà ló ní káwọn má fò ó. Wọ́n jàre mi. A wọ Mícrà ní Mọ́kọ́lá, ẹni mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú bíi ti ìṣe wa, dẹ́rẹ́bà já wa sójú títì níbi tí kò yẹ kó já ọmọlúàbí, torí pé níbi tó yẹ kó já wa, àwọn tó ń gbowó wà ńbẹ̀ tí wọ́n dì mọ́ iwájú mọ́tò bí eégbọn. (Ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀.) A débẹ̀, oníawò ní kò tíì délẹ̀, ká padà wá láago méjì. Aago méjìlá ò tíì lù.

A ò tíì rìn dé kọ́nà tí màmá mi fà mí láṣọ. "Àkànní, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí o."

Mo wòtún, mo wòsì. Ẹ̀yin náà ẹ lọ dúró síbẹ̀ lọ́la kẹ́ ẹ wò ó. Ilé tẹ́tẹ́. POS. Ẹni tó ń ta páùṣì fóònù. POS. Kẹ́míìsì. Ilé tẹ́tẹ́. POS. Mo ka POS mọ́kànlá, agboòrùn kan, tábìlì kan, ọmọbìnrin kan tó ń tẹ fóònù. Báǹkì tì, Sátidé ni. Ilé tẹ́tẹ́ tá a kọ́kọ́ yà, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n kí màmá mi dáadáa, ọ̀kan tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní "Màmá àgbà, ẹ̀yìn ibí làwa máa ń ṣe é." Ẹ̀yìn ibẹ̀, gọ́tà ni. Wọ́n fi èédú kọ ọ́ sára ògiri: MÁ TỌ̀ SÍBÍ, ẸNI TÓ BÁ TỌ̀ SÍBÍ Á YÁ WÈRÈ. Ìtọ̀ ti fọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà dànù. Lọ́dún 2019 ni Buhari fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé tó bá fi máa di 2025, ẹnikẹ́ni ò ní máa yàgbẹ́ síta mọ́ ní Nàìjíríà. 2025 dé, ó bá gọ́tà yẹn níbẹ̀.

Àgbàlagbà obìnrin ò kúkú lè dúró ti ògiri. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kí ló dé táriwo pọ̀, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ilé oúnjẹ ńlá kan wà ńtòsí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ilé onígíláàsì, éèsì ń fẹ́ jáde sójú títì, adìyẹ tí wọ́n yà sẹ́nu ọ̀nà tóbi ju ẹṣin lọ. Mo ní a ti bọ́. Síkiọ́ na ọwọ́. "Kọ́sítọ́mà nìkan ló ń lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì." Mo ní a ti di kọ́sítọ́mà. Ó ní rìsíìtì dà?

Mo gbé màmá mi jókòó, mo tò sórí ìlà. Ẹni mẹ́fà ló wà níwájú mi. Níta, ọkùnrin kan tó ń ta àgbo gbé lásífíkà síta, ó ń pariwo "ẹni tí ìtọ̀ ò dá, ẹni tó ń tọ̀ lálẹ́ tó ń tọ̀ lọ́sàn-án," Ọlọ́run ló yọ ọ́ pé gíláàsì wà láàárín àwa méjèèjì. Ó kàn mí. Mo ní mít páì méjì, mi ò bèèrè iye. ₦1,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo na ₦3,000, ọmọ náà ní kò sí ṣéńjì, kí n ṣe tiransífà. Mo ní kó mú ṣéńjì náà. Ó ní "Sà, kọ̀ǹpútà ò ní gbà á." Ẹ gbọ́ o, mo ń fi owó tọrẹ, kọ̀ǹpútà ò gbà. Mo ṣe tiransífà. Fóònù tèmi ní ó ti lọ, tiwọn ní kò tíì dé, wọ́n ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwa mẹ́rin la wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Ọkùnrin kan ń bínú tiẹ̀ ní tiẹ̀, wọ́n gba ₦300 lọ́wọ́ ẹ̀ fún ike tí wọ́n bu ìrẹsì sí, ó ní ṣé kóun máa fàtẹ́lẹwọ́ gbé ìrẹsì lọ sílé ni. Òótọ́ ló sọ o! Ta ló dá owó ike yìí sílẹ̀ gan-an? Ṣé ẹni tó ń ta píọ́ wọ́tà máa ń ta omi lọ́tọ̀, kó ta ọ̀rá ẹ̀ lọ́tọ̀ ni? Ike yẹn náà kẹ̀, inú gọ́tà ló ń lọ, inú gọ́tà ló ń gbà lọ sódò Ògùnpa, odò tó ya wọlé àwọn èèyàn ní 1980 tó gbé òkú àti ààyè lọ. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àgbà ilé yín.

Ibo ni mo bá a dé? Rìsíìtì. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, mo wo aago, kí rìsíìtì tó jáde. Mo gbé e lọ fún síkiọ́ bí ẹni gbé sátífíkéètì lọ ibi ìwáṣẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ máníjà.

Máníjà dà?

Máníjà lọ síbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́.

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì Dùgbẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́! Mo pariwo, mo jẹ́wọ́, gbogbo ilé oúnjẹ náà ló yíjú. Ọmọbìnrin kan láti ibi ìdáná bá sáré mú kọ́kọ́rọ́ mìíràn wá, ó bẹ̀ mí, ó ṣílẹ̀kùn. Páálí mínírà. Láti ilẹ̀ dé àjà. Wọ́n ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó ọjà sí, mo rí etí àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà lábẹ́ páálí bí ẹni tí ilé wó lù.

Mo yíjú wo màmá mi. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn tú ìborùn tó wà léjìká wọn, wọ́n so ó mọ́dìí.

Ẹni tó bá yé, ó yé e.

Ìyá tó tajà ní Gbági àtijọ́ kí wọ́n tó kó àwọn aláṣọ lọ sọ́nà Ifẹ̀. Ìyá tó mọ Dùgbẹ̀ nígbà tí ilé ìtajà ńlá Kingsway wà ńbẹ̀, tí ọmọlúàbí ń wọ aṣọ tó dáa kó tó jáde lọ sí Dùgbẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n ní 1965 tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ Kòkó Háòsì, àjà 26, títí dòní tí wọ́n bá kọjá níbẹ̀, wọ́n á gbórí sókè wò ó. Iná jó ilé yẹn ní 1985, wọ́n tún un ṣe, ó ṣí padà ní 1992. Ilé alájà 26 tí iná jó la rí tún ṣe o, ilé ìtọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin la ò rí kọ́ sábẹ́ ẹ̀! Wọ́n ní ìlú tí olè gbé ń jàre olóhun, èmi rò pé oríkì lásán ni tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo san ₦2,400 kí wọ́n tó fi páálí mínírà hàn mí.

Ẹ wá gbọ́ ẹni tó gbà wá. Ìyá kan tó ń ta àmàlà lẹ́yìn ibẹ̀, ìsọ̀ onípáákó, páànù tó ti dípẹtà. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ REMOVE sára páákó náà gàdàgbà-gadagba, wọ́n lóun ló ń ba ojú ìlú jẹ́. Ìyá náà rí ìborùn nídìí màmá mi, kò bèèrè kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní "Ẹ wọlé, ìyá mi, ẹ má dáhùn." Ó pọnmi sí garawa, ó mú wọn lọ sẹ́yìn. Ṣáláńgá ni o, mi ò sọ pé nǹkan mìíràn ni, àmọ́ ó nílẹ̀kùn, kò sì sí páálí mínírà nínú ẹ̀. Ó tún mú ìró àlòkù kan fún wọn. Mo ní mélòó ni, mà? Ó wò mí bíi pé mo bú u.

A bá jẹun níbẹ̀. Àmàlà gbígbóná, gbẹ̀gìrì tó kúnná, ògúnfe méjì méjì. Owó ike ò sí ńbẹ̀. Màmá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n ń bi ìyá náà pé ọmọ agbolé wo ni, mo mọ̀ pé ara wọn ti ń bọ̀ sípò. Mít páì yẹn, ilé la bù ú sí lálẹ́. Ọ̀dùnkún. Ọ̀dùnkún pátápátá, ẹran ò gba ibẹ̀ kọjá. Awò ojú náà kẹ̀, láago méjì wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù nìyí o. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tí wọ́n ń wí yìí, ìyá alámàlà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé. Wọ́n á wó páákó ẹ̀, wọ́n á dí ṣáláńgá ẹ̀, wọ́n á gbé ilé onígíláàsì mìíràn síbẹ̀, wọ́n á gbin òdòdó, ewúrẹ́ á jẹ òdòdó, ọ̀gá kan á wá gé ríbọ́ọ̀nù. Ẹ̀ ń bi mí pé irú ilé ìtajà wo ni mo fẹ́. Láti Dùgbẹ̀ dé Ògùnpa dé Agbeni, kí lèèyàn fẹ́ rà tí ò ní rí? Abẹ́rẹ́ dé jẹnẹrétọ̀. Ta ló sọ fún yín pé ọjà ló wọ́n wa?

Àwọn ọmọ onífẹ́sìtì yẹn, mi ò bá wọn jà, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń ṣe, mo tiẹ̀ fún wọn lómi mu. Wọ́n ní kí n sọ tèmi síbi tí wọ́n kọ "Ohun mìíràn" sí. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń wí i, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó ní "Sà, àyè ti kún." Kò burú, ibí ò tíì kún.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Gbogbo ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí ìwé àtúnṣe Dùgbẹ̀, kí kálukú mú ìyá ẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, ìyá tó bí i gan-an o, mi ò fẹ́ ìyá àyálò. Kí ìyá mu píọ́ wọ́tà mẹ́ta ní Mọ́kọ́lá, kí wọ́n fún wọn sáàárín lẹ́yìn Mícrà, kò gbọdọ̀ sí sáírìnnì, kò gbọdọ̀ sí ọlọ́pàá. Kí wọ́n sọ̀ ní Dùgbẹ̀, kí wọ́n máa wá a lọ pẹ̀lú rìsíìtì lọ́wọ́. Èmi á jókòó sọ́dọ̀ ìyá alámàlà, mà á máa wò wọ́n. Kí wọ́n sì bá mi pe òyìnbó inú àwòrán yẹn dání, kó fa ajá ẹ̀ wá, bóyá ajá yẹn mọ ibi tí wọ́n ti ń tọ̀.