Agbójúlógún

Wọ́n ní agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Ogún ni etí àwọn èèyàn máa ń gbá mú nínú òwe yìí, bẹ́ẹ̀ ogún kò ṣẹ̀. "Gbójú lé" ni òwe ń bá wí.

Ẹni tó ń retí àlejò lè máa gúnyán lọ. Ẹni tó fojú sọ́nà, bí kò bá rẹ́nì kan lọ́nà, á yíjú padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbójú lé nǹkan ti gbé ojú náà kalẹ̀ síbẹ̀, kò ku èyí tí yóò fi wo iṣẹ́. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lò wọ́n: "mò ń retí rẹ" dùn létí, "má gbójú lé mi o", ìkìlọ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́jà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, mo jókòó ti ìyá ẹlẹ́ja kan. Ọkọ̀ àwọn apẹja kò tíì dé. Ó ń ká ẹja àná, ó ń fi igi gún ìrù mọ́ orí, kó lè tò ó sórí iná. "Bí wọ́n bá dé, mo ta tútù. Bí wọn ò dé, mo ta yíyan."

Ẹ̀pẹ́ ti rí irú ìrètí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílé, ó sì wá tẹ̀dó síbí. Ìran àwọn tó tẹ̀ lé e là ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́ dòní. Ó ń retí ìtẹ́, kò fi bò, àmọ́ kò káwọ́ gbera létí ọ̀sà máa wo Èkó. Ní 1854 ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn tó fi èbúté Palma àti Lẹ́kí sílẹ̀ fún un, ó ń ṣòwò níbẹ̀. (Òwò ẹrú tó ti ṣe sẹ́yìn, èmi ò yìn ín fún ìyẹn.) Ní 1862 wọ́n jẹ́ kó padà sÉkòó. Kò gorí ìtẹ́ mọ́ títí ó fi kú ní 1872, ebi ò sì pa á dè é.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹlẹ́ja náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó jókòó lórí ọ̀kadà tí kò ní epo. Ọdún kẹta rèé tó ń dúró de owó ilẹ̀ bàbá wọn. Mo bi í bóyá ìdí igi ni wọ́n máa fi pín in, kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ gba ìpín kan, tàbí orí ò jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn gan-an lẹjọ́ tó wà ní kóòtù."