Ẹ̀gbọ́n, Ẹ Jọ̀ọ́ Sà, Ẹ Gbá Bọ́ọ̀lù Yẹn Sí Mi

Bí ọkùnrin bá ti lé lógójì ọdún ní Abẹ́òkúta báyìí, nǹkan mẹ́ta ló ń wá a kiri: ẹ̀jẹ̀ ríru, owó ilé-ìwé ọmọ, àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ó lè sá fún méjì àkọ́kọ́ fúngbà díẹ̀. Ẹ̀kẹta ò ṣeé sá fún. Láti Àsẹ̀rò dé Àdìgbẹ, láti Ọ̀bàntókò dé Láfẹ́nwá, kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Wọ́n ní alága, wọ́n ní igbákejì, akọ̀wé, akápò, alukoro, bàbá ìsàlẹ̀, ìyá ẹgbẹ́, wọ́n sì ní ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó máa ṣọ́ ọtí. Bẹ́ ẹ bá wá béèrè pé ta ni kíípà, wọ́n á ní ẹ ṣe sùúrù, ìgbìmọ̀ kan ṣì ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Eré ìdárayá dára. Dókítà ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì máa fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ láràárọ̀. Ìmọ̀ràn náà ò wọ̀ wọ́n létí, nítorí pé fífẹsẹ̀rìn ò ní aṣọ ẹgbẹ́. Ta ni yóò ya fọ́tò ẹni tó ń dá rìn lọ láti Ìbarà sí Kútọ̀? Ta ni yóò nawó fún un? Ni wọ́n bá mú ówàńbẹ̀, wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé sí i nídìí, wọ́n ra fèrè fún un, wọ́n ní bọ́ọ̀lù ni.

Ibi aṣọ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ yìí ní jẹ́sì tilé, ó ní tàjò, ó ní ti òkú, ó ní ti ọjọ́ ìbí. Tọdún yìí, Ìtòkú ni wọ́n gbé e lọ kí wọ́n lè fi bátànì àdìrẹ sí i lápá, ṣebí ọmọ Ẹ̀gbá ni wá. Oríṣi owó méjì ni wọ́n dá lé e: èyí tó ní orúkọ lẹ́yìn, àtèyí tí kò ní. Kò sẹ́ni tó ra èyí tí kò ní. Orí nọ́ńbà ni ìjà ti fẹ́ ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ 10, nọ́ńbà Okocha, nọ́ńbà Messi. Wọ́n ṣèpàdé pàjáwìrì, wọ́n jẹ adìẹ méjì, wọ́n sì parí ẹ̀ báyìí pé kí alága mú 10, kí igbákejì mú 010. Akápò tó mọ ìṣirò ní kí wọ́n kọ 10.0 fóun. Ọ̀gá kan wà nínú wọn tí oyè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lábíyá òsì, Alhaji, Ìnjíníà, Olóyè, tó fi jẹ́ pé abíyá ọ̀tún ni wọ́n há orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́. Bó bá ń kọjá lọ lórí pápá, ẹ má bẹ̀rù, ẹ ó kà á tán. Kì í sáré.

Nínú gbogbo ìnáwó yìí, kò sẹ́ni tó rántí ra bọ́ọ̀lù. Lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tó ń gbá sẹ́ẹ̀tì létí pápá ni wọ́n ti yá ọ̀kan, èyí tí awọ rẹ̀ ti bó débi tí rọ́bà inú ń yọjú wòta. Àwọn ọmọ náà ò wọ bàtà. Wọ́n fi òkúta méjì méjì ṣe ojú ilé, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù tó mọ́yán lórí. Wọ́n ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀, àwọn àgbà fẹ́ ṣeré.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé ìlú tí ò mọ bọ́ọ̀lù là ń sọ. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí sí, ẹni tó gbá góòlù méjì wọlé nígbà tí Nàìjíríà fi 3-0 na Algeria ní 1980 tí a gba ife Áfíríkà àkọ́kọ́. Níbí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes ti jẹ́ tiwa, tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1985, tí wọ́n tún gbà á ní 1987. Pápá tó wà ní Kútọ̀ ń jẹ́ orúkọ MKO Abíọ́lá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì tún ṣe fún ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè tó wáyé ní 2025. Àbùkù ìtàn rere yìí ò ju ẹyọ kan lọ: kò sí bàbá kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Abiola Babes nígbà náà. Orúnkún ló dá wọn dúró. Gbogbo wọn, orúnkún. Bí a bá ka gbogbo orúnkún tó dá èèyàn dúró ní Abẹ́òkúta láàárín 1985 sí 1987, ó yẹ kí ilé ìwòsàn egungun ìlú yìí ju ọjà Ìtòkú lọ.

Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n pe ẹgbẹ́ kan láti Ọ̀bàntókò ní ìjà. Aago méje àárọ̀ ló wà lórí ìwé ìpè. Ní aago méje, ewúrẹ́ nìkan ló wà lórí pápá, pẹ̀lú ìyá tó ń ta àgbo. Aago mẹ́sàn-án làwọn ará Ọ̀bàntókò dé, wọ́n sì jókòó sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ayàwòrán là ń dúró dè. Ó wà níbi ìgbéyàwó kan ní Òkè-Ìlèwó. Ẹnì kan ṣèèṣì ní kí wọ́n kúkú bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn ò tíì le, alága wo ojú rẹ̀ títí, ó ní, "Ta ló máa wá mọ̀ pé a gbá a?" Ó kù díẹ̀ kó di aago méjìlá kí rẹfirí tó fọn fèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Abẹ́òkúta lóṣù Ẹrẹ́nà, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Àárín òkúta là ń gbé. Oòrùn á kọ́kọ́ na èèyàn látòkè, àpáta á wá gba èyí tó kù pamọ́, á máa fi na ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Gbígbẹ òógùn ló sì ń mú kí ara tutù; níbi tí omi bá ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn á kàn máa ṣàn ni, kò ní gbẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ajá olóye kì í jáde lábẹ́ ọkọ̀. Àwọn alákòóso ẹgbẹ́ wa jáde.

Nígbà Ife Àgbáyé 2014 ní Brazil, FIFA fàyè sílẹ̀ pé bí ooru bá pọ̀ jù, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù dúró mumi lẹ́yìn nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú. Alága gbọ́ nípa ẹ̀. Eré ò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi nawọ́ sókè: "Rẹfirí, omi! FIFA gbà á láyè!" Wọ́n mu píọ́wọ́tà, wọ́n da ìyókù sórí, wọ́n padà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin mìíràn, FIFA tún gbà á láyè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn ló pa eré náà. Ọ̀wọ̀ ló pa á. Ẹni tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ náà, Bọ̀bọ́ ni wọ́n ń pè é, ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, òun nìkan ló sì lè sáré. Ó sá dé ojú ilé àwọn ará Ọ̀bàntókò, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ igbákejì alága. Bọ̀bọ́ ké tòò: "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kú ọ̀sán sà, ẹ kú oòrùn, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí kò bá ní ni yín lára, ẹ gbá bọ́ọ̀lù yẹn sí mi!" Kó tó dé "ni yín lára," wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù náà lọ. Igbákejì wá tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ìwọ Bọ̀bọ́, ṣé èmi lò ń pàṣẹ fún láàárín ọjà?" Bọ̀bọ́ dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó ti ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ làwọn ará Ọ̀bàntókò ti gbá bọ́ọ̀lù ba irin ilé wa. Wọn ò sì sàn jù wá lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń di ẹ̀yìn mú lọ bá atamátàsé wọn tó ti hewú, ó ní, "Ẹ dákun sà, mo fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ yín o." Bàbá náà ní, "Gbà á, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́."

Akápò ni wọ́n fi sáàárín, òun ló ń pín bọ́ọ̀lù. Àṣìṣe ńlá ni. Akápò kì í fún onígbèsè ní bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin kan tó jẹ owó oṣù mẹ́ta sáré sókè sódò ní gbogbo ìdá àkọ́kọ́ bíi ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀, kò fẹsẹ̀ kan nǹkan kan. Nígbà ìsinmi ó fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Áláàtì dún nínú àpò akápò. Ìdá kejì ò tíì gbóná tí bọ́ọ̀lù fi bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Ó gbá a sínú igbó.

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: wọ́n jà. Pajápajá gbé ènìyàn mẹ́rin. Òórùn Robb àti Aboniki gba pápá kan. Ọ̀gá olóyè gígùn nì ṣubú, orúkọ rẹ̀ kún fún iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ní kó jáde, ó ní àfi bí òun bá kú. Kò kú, ṣùgbọ́n kò dìde náà. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù yí i ká. Òdo sí òdo ni, ó kù díẹ̀ kí eré parí.

Níbẹ̀ ni rẹfirí ti fọn pẹ́náritì fún wa. Ayálégbé alága ni rẹfirí yìí, mi ò sọ nǹkan mìíràn. Bọ́ọ̀lù ba ará Ọ̀bàntókò kan níkùn, ó ní ọwọ́ ni. Wọ́n bi í léèrè, ó ní láti ibi tóun dúró sí, òun ò lè mọ ibi tí ikùn parí sí. Alága gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Mítà mọ́kànlá péré ni, ilé náà sì fẹ̀ ju mítà méje lọ. Ó gbá àkọ́kọ́, ó gba orí òpó lọ. Rẹfirí ní òun ò tíì fọn fèrè. Ó gbá èkejì, ó lọ bá ìyá alágbo. Rẹfirí ní ìyá náà ń rìn nígbà tí wọ́n ń gbá a. Ó gbá ẹ̀kẹta.

Kíípà àwọn ará Ọ̀bàntókò ni ọkọ àkọ́bí alága. Bóyá bọ́ọ̀lù ló fò sí ni o, bóyá àna rẹ̀ ló ń kí, ẹnu ò tíì kò lórí ẹ̀ títí di òní. Èyí tí ojú rí ni pé ó nà gbalaja, àyà kan ilẹ̀, bọ́ọ̀lù sì rọra yí kọjá lẹ́bàá etí rẹ̀ wọlé. Ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́yìn àwọ̀n pàtẹ́wọ́. A ò mọ ẹni tó pa á fún.

Lábẹ́ kánópì ni eré gidi ti bẹ̀rẹ̀. Pẹpẹsúùpù ògúnfe, bíà tútù, olórin. Wọ́n wo ọ̀tún wo òsì nítorí EFCC tí ń fi ẹni tó ń náwó lóde ẹjọ́ sùn, wọ́n sì ná alága lówó lábẹ́lẹ̀. Gbogbo ọ̀rá tó yọ́ nínú oòrùn, orí àga ni wọ́n ti kó o padà, pẹ̀lú èlé. Ó kù kí wọ́n wo fọ́tò góòlù.

Ayàwòrán ní lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n báńtírì lòun ń pààrọ̀ nígbà náà.

Ẹ ò rí i bí gbogbo ibẹ̀ ṣe dákẹ́. Alága dìde, ó ní kí gbogbo èèyàn padà sórí pápá. Wọ́n lọ pe kíípà nídìí oúnjẹ, ó tún dùbúlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí kò sí iyèméjì, dọ̀bálẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló kù. Àwọn ọmọdé ti gba tiwọn padà, sẹ́ẹ̀tì wọn sì ti wọra. Akápò lọ bá wọn, wọ́n ní kó dúró, wọ́n ní ẹgbẹ́ méjì ló wà níwájú rẹ̀. Alága bá gbá afẹ́fẹ́. Ọmọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Pánṣẹ́kẹ́ ló fi bọ́ọ̀lù sínú fọ́tò náà lẹ́yìn ọ̀la. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún tóbi ju orí kíípà lọ, ó sì ní òjìji tirẹ̀ tó dojú kọ apá ibòmíràn. Òun ni wọ́n fi ṣe àlùmánáàkì ẹgbẹ́ tọdún tó ń bọ̀. Ó ti jáde, ẹ lè rí i rà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá jẹ owó oṣù, kó má wulẹ̀ yọjú.