Yíyọ́ Ẹkùn, Ti Ojo Kọ́

Yíyọ́ ẹkùn, ti ojo kọ́. Ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Bí àgbà bá pa òwe yìí fún ọ̀dọ́ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ a rò pé "ṣe sùúrù" lásán ni wọ́n ń wí. Ẹ tún apá kejì òwe náà gbọ́: ẹkùn mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó ń yọ́ rìn láìmọ ohun tó ń lépa, ẹ má pè é ní onísùúrù. Ó kàn ń falẹ̀ ni.

Ẹran inú òkun kan wà tí àwọn tó gbọ́ Faransé láàrin wa ń pè ní seiche (cuttlefish ni lédè Gẹ̀ẹ́sì). Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde nípa rẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ méjì síwájú rẹ̀: edé tó ti kú, tí kò fi bẹ́ẹ̀ wù ú, àti edé wẹ́wẹ́ tó ṣì wà láàyè, tó jẹ́ ààyò rẹ̀. Òkú edé wà ní àrọ́wọ́tó. Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi dí ààyò mọ́, àfi kó dúró kó tó ṣí. Bó bá sì ti jẹ ti àkọ́kọ́, wọ́n á gbé èkejì kúrò. Àwọn kan nínú wọn dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 130. Òmíràn tilẹ̀ kẹ̀yìn sí òkú edé náà, bí aláàwẹ̀ ṣe ń gbójú kúrò níbi tí wọ́n ti ń din àkàrà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: nígbà tí wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ilẹ̀kùn ààyò má ṣí rárá, ẹran náà kò dúró. Ó jẹ èyí tó wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sóko. Bí àgbàdo bá ti gbó, tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì ń sún mọ́lé, àwọn alágbàtà a ti dé. Iye tí wọ́n ń dá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá lè tọ́jú tirẹ̀ sínú àká títí ẹ̀ẹ̀rùn a sáà tà á dáadáa. Mo ní ẹni tó bá lè tọ́jú rẹ̀ o! Àgbàdo tí kò gbẹ tí wọ́n kó jọ, kòkòrò ni wọ́n ń kó o jọ fún. Ẹni tí àká rẹ̀ ń jò, kó tètè tà. Ẹni tí tirẹ̀ dára, kó ta ìwọ̀n owó ilé-ìwé, kó kẹ̀yìn sí ìyókù.

Kí a má sì tètè bú ẹni tí kò lè dúró. Oríṣi ọ̀bọ kékeré méjì kan wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà: ọ̀kan ń ha èèpo igi, a dúró kí oje sun kó tó lá a, èkejì ń já kòkòrò gbà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, èyí tó ń lá oje ló dúró pẹ́ jù. Ọmọ tó ń gun sémíjàn, tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún ẹni tó ni ọ̀kadà kí ilẹ̀ tó ṣú, báwo ni yóò ṣe mọ ìdúró bíi baba rẹ̀ tó fi gbogbo òjò retí òwú? Èsúsú kékeré lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣèlérí èlé ńlá fún un, kó rántí pé ní ọdún 2010, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní orílẹ̀-èdè wa yìí fi sùúrù dúró de irú èlé bẹ́ẹ̀, owó wọn sì wọlẹ̀. Kó béèrè òwò tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wò ó.