Ta ló ní iṣẹ́ ìdílé kì í kọjá baba tó dá a sílẹ̀?

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìnáwó kan ní Abẹ́òkúta, mo tún gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń sọ fún wa pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, kí òun lè wá bójú tó tírélà mẹ́ta tí bàbá òun fi sílẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí àgbà kan fi já lù ú: "Ọmọ mi, iṣẹ́ ìdílé kì í kọjá baba tó dá a sílẹ̀. Tà á, kó o kówó ẹ." Gbogbo tábìlì ń mi orí. Ọmọ náà dorí kodò, ó ń fi fọ́ọ̀kì yí ìrẹsì inú abọ́ rẹ̀ kiri.

Inú bí mi. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ kíliárìn ní wáàfù Àpápá, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí ohun tó já ọ̀rọ̀ yìí nírọ́. Ẹ lọ dúró sí Wharf Road láàárọ̀, kí ẹ ka lẹ́tà mẹ́rin tó ṣáájú nọ́ńbà lára kọ̀nténà tó bá ń kọjá. MSKU, Maersk ti ìdílé Møller ni. MSCU, MSC ti ìdílé Aponte. CMAU, CMA CGM ti ìdílé Saadé. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ òkun kó kọ̀nténà láyé yìí tó tóbi tó mẹ́ta yẹn, ìdílé ló sì ń darí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti Møller, nítorí òun ló pẹ́ jù. Ní 1904, ní ìlú Svendborg ní Dẹ́nmáàkì, ọ̀gá atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Peter Mærsk Møller pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Arnold Peter, fi ọkọ̀ àlòkù kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Arnold ló darí iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 1965, lẹ́ni ọdún 88. Bí a bá fi ti àgbà Abẹ́òkúta ṣe é, ọdún yẹn ló yẹ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Ọmọ Arnold, Mærsk Mc-Kinney Møller, ló gbà á. Kì í sì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọ́fíìsì: láti 1940, nígbà tí ogun Hítílà dé Dẹ́nmáàkì, ló ti ṣí lọ sí New York, tó ń bójú tó àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn odi. 1947 ló tó padà sílé. Bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ nínú ìjì.

Ní 1975, lábẹ́ ọmọ yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ tiwọn kó kọ̀nténà. Ní 1999, wọ́n ra iṣẹ́ òkè òkun Sea-Land ti Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tí Malcom McLean dá sílẹ̀, ọkùnrin tó fi kọ̀nténà yí iṣẹ́ ọkọ̀ òkun padà ní 1956. Ní 1993, ọmọ Møller gbé ipò ọ̀gá iṣẹ́ fún Jess Søderberg tí kì í ṣe ẹbí wọn, ìdílé sì di àṣẹ mú lókè. Ọmọ ọdún 98 ni Mærsk Mc-Kinney nígbà tó kú ní 2012. Lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀, Robert Uggla, ni alága ilé-iṣẹ́ láti 2022. Bí a bá kà á láti orí Peter, ìran karùn-ún nìyẹn.

Ohun tó ṣọ́ iṣẹ́ náà ni ohun tí Arnold ṣe ní 1953. Ó dá àjọ kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ó sì kó ìpín ìdókòwò tó ní àṣẹ jù sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ lè darí àjọ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gé apá tirẹ̀ lọ tà. Títí dòní, àjọ yẹn ló ní ìbò tó pọ̀ jù.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ti òyìnbó nìyẹn, tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ìyàwó pọ̀, ọmọ pọ̀. Ẹ gbọ́ tèmi náà. Bàbá mi ní tírélà mẹ́rin. A ò tíì ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tí mọ̀lẹ́bí fi jókòó pín in ní ìdí igi: ìyàwó mẹ́ta, tírélà kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin, wọ́n tà á, wọ́n fi san gbèsè ìsìnkú. Èyí tó kan ìdí tiwa, ẹ̀gbọ́n mi gbé e fún dẹ́rẹ́bà kan. Ọdún kejì ni mo rí i ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Mile 2. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀, koríko ti gba àárín irin rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá mi ṣì wà lára ilẹ̀kùn, ní ọ̀dà funfun. Mo fọwọ́ nu eruku orí rẹ̀. Àwa ọmọ náà kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo jọ ṣe iṣẹ́ yẹn. A pín in bí ẹní pín ilẹ̀, a wá ń sọ pé iṣẹ́ ìdílé kì í pẹ́.

Ti Aponte kò gùn: Gianluigi Aponte ra ọkọ̀ àlòkù kan ní 1970, èkejì ní 1971, tó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rafaela, sọ. Ní January 2022, MSC tóbi kọjá Maersk. Ọmọkùnrin rẹ̀ ni ààrẹ, ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń mójú tó owó. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tiwa ńkọ́, Nigerian National Shipping Line? 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 1995 ni wọ́n tú u ká. Ìjọba ló ni ín. Ìdílé ta ló pa ìyẹn?

Ó dáa, Hanjin, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti Kòríà, wó ní 2016, ìdílé ló sì wà nídìí rẹ̀. Mo gbà.

Ọmọ Abẹ́òkúta yẹn pè mí ní ọjọ́ Ajé. Ìyá rẹ̀ ti gbé ìwé tírélà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde nínú àpótí, orúkọ bàbá rẹ̀ ṣì ló wà lórí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni a jọ ń lọ rí lọ́yà, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì ń bá wa lọ.